A fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá, a fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ, láti 2009 ni ìjọba wa ti ní kí aboyún má sanwó iṣẹ́ abẹ ìbímọ mọ́ láwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n yàn. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń sanwó sẹ́mijàǹ tó ń gbé aboyún kúrò lóko lóru? Òfin 2003 fún tọkùnrin tobìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti fètò sọ́mọ bíbí. Àwa ọkùnrin la ń dí ìyàwó lọ́nà. À ń dáwó òkú, a kì í dáwó aboyún! Kí ìjọba fi agbẹ̀bí àti oògùn ìfètòsọ́mọbíbí sí abúlé wa. Kí àwa náà dáwó ọkọ̀ sílẹ̀. Ká tó sọ pé “ẹ kú ewu ọmọ”, ká kọ́kọ́ dín ewu náà kù.