Ènìyàn Kì í Ṣe Ẹran Ìgbẹ́



Bí ọkùnrin bá ń dúró de obìnrin tí ó ti kọ̀ ọ́ ní ìkóríta lójoojúmọ́, tí ó ń tẹ̀lé e lọ sí oko àti ọjà, tí ó ń pè é lórí fóònù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Yorùbá a ní, 'Ó ń dọdẹ rẹ̀.' Àwọn baba wa kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ẹran ìgbẹ́ ni à ń dọdẹ, ikú sì ni òpin ìdọdẹ. Ẹni tí ó bá ní wọ́n ń dọdẹ òun ń kìlọ̀ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ni.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá? 'Ṣé ó ti nà ọ́?' 'Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹ lọ parí rẹ̀ nílé.' Tàbí kí wọ́n ní kò sí epo nínú ọkọ̀. Ní Òkè-Ògùn wa níhìn-ín, obìnrin tí ó ń dá lọ ṣa èso igi òrí ní ìdájí yóò sì tún gba ọ̀nà oko kan náà padà.

Òfin kò ṣàì sí. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ̀rọ̀ nípa ìdọdẹ ní abala 17 rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹlòmíràn léraléra nítòsí ilé tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń tẹ̀lé e kiri lọ́nà tí ó ń kó ìpayà bá a, lè ṣe ẹ̀wọ̀n tó ọdún 2, tàbí kí ó san owó ìtanràn tó ₦500,000, tàbí méjèèjì. Ẹ kíyè sí i pé òfin kò béèrè ọgbẹ́. Ìpayà ti tó. Ó tún pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá ran ẹni náà lọ́wọ́ láti fi ẹ̀sùn sùn, kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tàbí ibi ààbò, kí wọ́n sì ṣàlàyé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Abuja ni òfin yẹn dè. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe irú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Èyí tí ó kù ni kí òfin Ìbàdàn rìn dé Òtu, Ìsẹ́yìn àti Ìpàpó.

Ní 2015 kan náà ni òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde, tí abala 24 rẹ̀ dá lórí dídọdẹ ènìyàn níbẹ̀. Ta ni wọ́n wá ń fi mú? Àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu alágbára. Ní oṣù Kẹta 2022, ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú. 2024 ni àtúnṣe dé. Àwa náà mọ̀ pé ọlọ́pàá lè rìn bí ó bá wù wọ́n. Ní oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n mú Tani Olohun ní Ìbàdàn nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí ayélujára, wọ́n sì gbé e dé Ìlọrin. Epo kò wọ́n lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, n kò bẹ̀bẹ̀ fún agbára tuntun fún ọlọ́pàá. Àkọsílẹ̀ ni mo ń béèrè. Ìdọdẹ kì í hàn nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Bí ọlọ́pàá ọjọ́ Ajé kò bá kọ nǹkan kan, ti Ọjọ́bọ̀ yóò rò pé ọ̀ràn tuntun ni. Lẹ́yìn èyí, kí ọlọ́pàá fúnra wọn bá ẹni náà tọrọ àṣẹ ààbò ní ilé-ẹjọ́. Òfin 2015 fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kìíní 2020 ni ọlọ́pàá ti ń tọrọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìdúró de ìgbà tí wọ́n bá dá ẹni tí ó ń dọdẹ lẹ́bi. Kí yàrá tí ènìyàn ti lè sọ̀rọ̀ láìsí ìtìjú sì wà, kí ẹnikẹ́ni má gba owó epo tàbí owó bírò.

Ṣùgbọ́n iwájú ọpọ́n Ifá ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ẹ̀yin babaláwo àti ìyánífá, bí a bá yan ẹbọ tán, ẹ jẹ́ kí a béèrè ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ àti ẹni tí ó rí i, kí a sì ní kí ó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹbọ kò ní kí a má ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan nínú wa sì ń ṣe oògùn kí obìnrin tí ó kọ ọkùnrin má lè gbádùn. Oògùn ìdọdẹ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fi ipá fa ọmọ fún ọkọ rí. Síbẹ̀, àṣà tí à ń gbé lárugẹ ní alárinà, ó sì ní ìjọ́hẹn. Ẹni tí kò jẹ́ hẹn ti dáhùn.

Àwọn àgbà a máa sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní ẹni tí wọ́n ń dọdẹ ń wá ọ̀rẹ́ ọdẹ? Kí ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò máa bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó rọrùn láti lé ẹnì kan padà. Ènìyàn mẹ́ta kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.