Àgbàbọ̀ Ṣòkòtò Ni Script Tí A Kò Lè Kọ Fúnra Wa

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka wíwọn ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn mọ́ gbogbo wa. A mọ AutoCAD í tẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ bí a ṣe ń pàṣẹ fún un. Èmi náà wà lára wa títí mo fi lọ ṣe SIWES.

Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní odindi AutoCAD lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́, a sì máa ń rò pé òun náà la ó bá níbi iṣẹ́. Ní ọ́fíìsì tí mo lọ ní Ìbàdàn, AutoCAD LT 2021 ni mo bá: owó rẹ̀ kéré, àwọn iṣẹ́ kan kò sì sí nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá gbé coordinate 214 fún mi pé kí n fi wọ́n sórí àwòrán. Inú mi dùn, nítorí fáìlì LISP kan wà nínú flash mi, èyí tí àwọn tó ṣáájú wa ti ń pín kiri tipẹ́. Tí èèyàn bá ti fún un ní nọ́ńbà, á gbé gbogbo point sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ki flash bọ kọ̀ǹpútà. LT kọ̀ jálẹ̀.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá yẹ àwòrán náà wò, wọ́n fi ìka lé òpó ààlà kan, wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ pé o ti gé mítà mẹ́sàn-án nínú ilẹ̀ onílẹ̀ kún ti oníbàárà wa?" Mo ti tẹ 54 níbi tí 45 yẹ kó wà. Gbogbo wa la mọ irú ìjà tí mítà mẹ́sàn-án lè dá sílẹ̀ láàárín aládùúgbò méjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó kọ́ ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ láti 200 level. LT tó kọ LISP kò kọ script. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, Notepad tó láti kọ ọ́, .scr ló sì máa ń gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀. Àṣẹ tí èèyàn ì bá máa tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò tò sínú rẹ̀. Tó bá ti pe SCRIPT, LT á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nọ́ńbà wa ti wà nínú Excel, nítorí náà mo ní kí Excel so _POINT mọ́ Easting àti Northing ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì da gbogbo rẹ̀ sínú Notepad.

Kò lọ wẹ́rẹ́ o. Nínú script, Enter ni àlàfo jẹ́. Àlàfo kan ṣoṣo tó ṣèèṣì kù lẹ́yìn nọ́ńbà kan da gbogbo ìlà tó tẹ̀ lé e rú. Nígbà tí mo tún un ṣe, àwọn point kan lọ lẹ̀ mọ́ ìlà tó wà nítòsí wọn, nítorí pé osnap wà ní títàn. Àfìgbà tí mo fi OSMODE 0 ṣe ìlà àkọ́kọ́. Script kò ní làákàyè: ẹni tó bá fi Northing ṣáájú Easting, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣi nọ́ńbà tẹ̀ nítorí pé oorun ń kùn ún.

Ẹlòmíràn á ní kí ni mo ń yọ ara mi lẹ́nu sí, ṣebí LT 2024 tó jáde ní 2023 ti ń gba AutoLISP? Òótọ́ ni. Láti 1986 ni AutoLISP ti wà nínú AutoCAD, LT dé ní 1993, ó sì tó ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló ń pààrọ̀ ohun èlò lọ́dọọdún. Ká tiẹ̀ ní LT yẹn gba fáìlì mi, mi ò lè sọ iṣẹ́ tí ìlà kan ṣoṣo ń ṣe nínú rẹ̀. Tó bá ṣì mí lọ́nà, mi ò ní mọ̀. Àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.

Àwọn mìíràn á ní kí n wá crack. Lórí kọ̀ǹpútà tí ìwé ilẹ̀ àwọn oníbàárà wà? Tí kòkòrò bá jẹ gbogbo rẹ̀, ta ni yóò dá a lóhùn?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n yọ ọ̀sẹ̀ méjì nínú ẹ̀kọ́ CAD fún kíkọ script. Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí .scr, ká tó kan AutoLISP. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra SIWES, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ mú òpó mẹ́wàá, kí ẹ kọ script tí yóò fà wọ́n pọ̀ di ààlà kan. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọ̀gá fọwọ́ sí àwòrán náà lẹ́yìn tí mo ti fi point kọ̀ọ̀kan wé ìwé tí a kọ lórí pápá. Fáìlì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìlà 215 ni, mo sì mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.