Ojú ara tí ń yún: kí obìnrin má ṣe dákẹ́ mọ́

Àìsàn kan wà tí obìnrin lè gbé kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ibi tí ó wà lára. Ojú ara a máa yún un, pàápàá ní òru, débi pé kò ní lè sùn. Awọ ibẹ̀ a di funfun, a fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, a sì máa ya. Bí ó bá tọ̀, a ta á. Bí ọkọ bá sún mọ́ ọn, ìrora ni. Lichen scléreux ni àwọn dókítà wa ń kọ sínú ìwé ní èdè Faransé. Àrùn tuntun kọ́: láti ọdún 1887 ni oníṣègùn ará Faransé kan, Hallopeau, ti ṣàpèjúwe rẹ̀.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa kọ́kọ́ mọ̀ pé àìsàn yìí kì í ràn. Kì í ṣe àtọ̀sí. Ìdọ̀tí kọ́ ni ó ń fà á, àgbèrè kọ́ ni ó ń fà á. Ọkọ tí ó bá torí rẹ̀ fura sí ìyàwó rẹ̀ ń ṣẹ̀ ẹ́ ni. Awọ ni ó ń ṣàìsàn, bí awọ apá ṣe lè ṣàìsàn. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí gbogbo ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ni ó ṣìnà tí ó sì dojú kọ awọ náà. Ó ń mú àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró jù lọ. Ó ń mú ọmọdébìnrin pẹ̀lú, ó sì lè mú ọkùnrin.

Ní ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà le. Awọ tí ó ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ a máa ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dì sábẹ́ rẹ̀. Ìyá tí ó bá rí i lè rò pé ẹnìkan ti fipá bá ọmọ òun lò. Kí ó má dákẹ́, kí ó má sì tíì na ìka sí ẹnikẹ́ni. Kí ó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò sọ bóyá àìsàn awọ ni tàbí ìwà ìkà.

Omi gbígbóná, ọṣẹ líle, omi ọsàn wẹ́wẹ́, álọ́ọ̀mù: gbogbo wọn ń dá kún un ni. Omi lásán tó láti fi wẹ ibẹ̀, kí a sì fi básílíìnì tí kò ní lọ́fínńdà pa á.

Oògùn rẹ̀ gan-an ni ìpara kan tí ó lágbára, tí à ń pè ní clobétasol. Òun kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ ọ̀pọ̀ ìpara tí àwọn obìnrin fi ń bóra, tí ó sì ń ba awọ wọn jẹ́. Ìwọ̀n ni ìyàtọ̀. Dókítà a máa ní kí obìnrin fi ìwọ̀nba bí orí ìka pa ibẹ̀ ní alaalẹ́ fún oṣù kan. Ní oṣù kejì, kí ó máa fo ọjọ́ kan. Ní oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Túùbù kan tí ó wọn gíráàmù 30 lè tó o fún oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra ti orí àtẹ.

Àìsàn náà kì í sábà lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń rọlẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ètè ojú ara lè súnkì, kí ó lẹ̀ mọ́ra, kí ọ̀nà di tóóró. Nínú 100 obìnrin tí kò gba ìtọ́jú, ó lè di jẹjẹrẹ lára àwọn díẹ̀ tí kò tó 5. Ìtọ́jú ń dín ewu yìí kù. Ẹni tí ó bá rí kókó tàbí egbò tí kò jinná níbẹ̀, kí ó má dúró.

A ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, bí obìnrin bá ti ní ó ń yún òun, wọ́n á kọ oògùn fún un láìwò ó, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ta ni ó lè mọ àrùn awọ láti òdìkejì tábìlì? Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Pobẹ, agbẹ̀bí ni obìnrin kọ́kọ́ ń rí. Bí òun bá wò ó tí ó rí awọ funfun, kí ó fi í ránṣẹ́ sí dókítà awọ ní CNHU ní Kútọnu. Kí aláìsàn náà má sì tijú láti sọ ọ́ kí ó tó gba ìwé oògùn: “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ bá mi wo ibẹ̀ ná.”