Igi Òrí àti Igi Irúgbá: Èwo Ni Ó Yẹ Kí Á Kọ́kọ́ Gbà Là?

Bí ènìyàn bá gba Òkè-Ògùn kọjá lọ sí ilẹ̀ Kwara, yóò rí oko tí àgbẹ̀ ti ṣán mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n tí ó dá igi díẹ̀ sí. Igi òrí àti igi irúgbá ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Òdòdó irúgbá pupa, ó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, ó sì ń fì dirodiro. Àdán ni ó máa ń wá mu omi dídùn inú rẹ̀ lóru. Òdòdó òrí kò fani mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ó kéré, ó funfun díẹ̀, kòkòrò oyin ni oníbàárà rẹ̀. (Orúkọ Mungo Park, tí ó kú ní Bùsà ní 1806, ni àwọn onímọ̀ fi sọ irúgbá, bẹ́ẹ̀ òrí ni òun fúnra rẹ̀ ròyìn púpọ̀ nínú ìwé rẹ̀.)

Àwọn kan ní irúgbá ni kí á kọ́kọ́ gbà là, nítorí pé ojoojúmọ́ ni a ń fi irú se ọbẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1998 ni àjọ IUCN, tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ó lè run, ti ka igi òrí mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu. Kò ka irúgbá mọ́ wọn.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kóró irúgbá le. A lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́, kí á fi omi gbígbóná rẹ ẹ́, kí á sì gbìn ín. Kóró òrí kì í pẹ́ kú bí ó bá gbẹ. Bí ó bá tilẹ̀ hù, ó lè gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó so. Àgbẹ̀ mélòó ni yóò gbin irú igi bẹ́ẹ̀? Orí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi ni ọmọ igi òrí ti máa ń rí àyè dàgbà. Lóde òní ilẹ̀ kì í sinmi tó mọ́. Katakata ń hú ọmọ igi, àwọn tí ń sun èédú sì ń gé ìyá rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi òfin de kíkó kóró òrí jáde lọ sí ilẹ̀ òkèèrè fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa ṣe òrí nílé. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àáké. Ní tèmi, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ ọ̀dàn ka sísun igi òrí ní èédú léèwọ̀, kí àgbẹ̀ sì ri èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọmọ igi òrí kọ̀ọ̀kan kí katakata tó wọ oko.