Ìwátayọ, Àtò àti Gbèdéke

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fún wa ní orúkọ Yorùbá fún ẹ̀ka ìṣirò tí ó ń wá ìrísí àti àtò tí ó yẹ ilé tàbí afárá jù lọ, 'ìmúdárasí' ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ohun tí a mú dára sí i lè máà tíì dára tó. Èyí tí ó ta gbogbo ìyókù yọ láàárín gbèdéke tí a fi lélẹ̀ ni ìṣirò yìí ń wá. 'Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì' pàápàá kò bá a mu, nítorí pé ìwà ọmọlúàbí ni ó ń tọ́ka sí. 'Ìwátayọ' ni mo dá lábàá.

Kí a wo etí ọ̀sà ní Ìwáyà, tí kò jìnnà sí Yunifásítì Èkó, níbi tí àwọn ilé olópòó wà lórí omi. Báwo ni òpó kọ̀ọ̀kan yóò ti nípọn tó? Èyí ni ìwọ̀n. Ṣé òpó yóò dúró ṣánṣán ni, tàbí yóò dagun díẹ̀? Èyí ni ìrísí. Òpó mélòó ni, níbo ni wọn yóò wà, èwo ni a óò sì fi igi ìdábùú so mọ́ èwo? Èyí ni àtò, òun ni ó sì le jù, nítorí pé bí a bá yọ òpó kan ṣoṣo, ìṣirò mìíràn gbáà ni. (Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti ń lo 'àtò' fún gbólóhùn, n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀.) Kí igi má pọ̀ ni ìlépa. Gbèdéke ni pé ilé kò gbọdọ̀ rì sínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ àjẹ̀ sì gbọdọ̀ rí àyè kọjá.

Ní 1904 ni Michell, onímọ̀-ẹ̀rọ ará Ọsirélíà, fi hàn pé kí ohun èlò tó lè kéré jù, ibi tí igi tí a ń fà bá ti pàdé igi tí a ń fún pọ̀, igun 90 dígírì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe. Ní 1988, Bendsøe àti Kikuchi gé gbogbo àyè ilé sí wóró wẹ́wẹ́, kí kọ̀ǹpútà lè pinnu èyí tí yóò kún àti èyí tí yóò ṣófo. Báyìí ni ihò ṣe ń yọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò yà á sí. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ da àtò pọ̀ mọ́ ìrísí.

Àwọn kan yóò fẹ́ pe gbèdéke ní 'ìdíwọ́'. Àṣìṣe ńlá ni. À ń mú ìdíwọ́ kúrò lọ́nà ni. Inú gbèdéke ni a ń gbé, èyí tí a kò bá sì kọ sílẹ̀, ìṣirò kò ní bá wa rántí rẹ̀. Ní Màkókò, aládùúgbò Ìwáyà, ilé-ìwé onígun mẹ́ta tí ó léfòó, èyí tí Kúnlé Adéyẹmí ya àwòrán rẹ̀, dìde ní 2013. Ó wó lẹ́yìn òjò ńlá ní oṣù kẹfà 2016. Òjò àti ìjì kì í ṣe ìdíwọ́ lórí ọ̀sà.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju 'ìwátayọ' lọ, kí ó mú un wá. 'Gbèdéke' ni n kò ní fi sílẹ̀.