Kí a tó kun ọkọ̀ àtijọ́ ní ọ̀dà, ẹ jẹ́ kí a wo ìjánu rẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ ti rí gáráàjì kékeré tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Kò ní ògiri. Páànù díẹ̀ ni wọ́n fi bò ó, tàbí kí ó jẹ́ abẹ́ igi. Ọkọ̀ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní táyà mọ́. Wọ́n gbé e ka orí ìtì igi mẹ́rin. Koríko ti hù lábẹ́ rẹ̀. Adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń kọjá lọ wí pé: « Òkú ọkọ̀ ni èyí. » Ṣùgbọ́n ọ̀gá gáráàjì rẹ́rìn-ín. Ó ní: « Kò tíì kú. Ẹ mú owó wá, yóò dìde. »

Ta ni ó jàre nínú àwọn méjèèjì?

Ní tèmi, ọ̀gá gáráàjì ni ó jàre. Ọkọ̀ àtijọ́ ṣeé jí dìde, ó sì yẹ kí a jí i. Ṣùgbọ́n bí a bá jí i lọ́nà tí kò tọ́, yóò dìde, yóò sì pa wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí kò ju méjì lọ: ìjánu ṣáájú ọ̀dà, ìwé ṣáájú owó.

Kí ló dé tí ọkọ̀ àtijọ́ fi ṣeé tún ṣe?

Ẹ wo Peugeot 404 bâchée. Àwọn àgbà wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe 404 ní ilẹ̀ Faransé. Àbúrò rẹ̀, 504, jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ní Nàìjíríà, 504 sì wà lára wọn.

Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ìdíje ọkọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Safari. Inú ẹrẹ̀ àti eruku ni wọ́n ti ń sá a. 404 gba ipò kìíní níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọkọ̀ líle ni.

Ṣùgbọ́n líle nìkan kọ́. Ó rọrùn láti tú, ó sì rọrùn láti tò. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ẹ wo inú ẹ̀rọ 404 tàbí 504 tí ń lo bẹntiróòlù. Ihò mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀ tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú wọn. Irin tí ó yí ihò kọ̀ọ̀kan ká ṣeé yọ, bí ìgbà tí a yọ ife kan kúrò nínú ife mìíràn. Bí ó bá jẹ, a ó fa ti àtijọ́ yọ, a ó sì ki tuntun bọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì abúlé lè ṣe é.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń ti òkè òkun gúnlẹ̀ sí Kútọnu lónìí ní kọ̀ǹpútà nínú. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣàìsàn, ẹ̀rọ mìíràn ni a fi ń bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Gáráàjì abúlé kì í sábà ní irú ẹ̀rọ yẹn.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Ní ọdún 1962, Amẹ́ríkà dá òwò dúró pẹ̀lú erékùṣù Cuba. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tuntun kò wọ ibẹ̀ mọ́. Àwọn ará Cuba kò jókòó kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n ń tún èyí tí wọ́n ní ṣe. Títí di òní, ọkọ̀ tí a ṣe kí ọdún 1960 tó dé ṣì ń rìn ní ojú títì wọn. Ní Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, adúgbò ńlá kan wà tí ń jẹ́ Suame Magazine. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo mẹkáníìkì abúlé. Ọlọ́gbọ́n ni.

Ohun tí ojú mi rí

Ní ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí dìde. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Wọ́n kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún dáadáa. Ìdì ẹyìn kún inú rẹ̀, àwa ènìyàn mẹ́sàn-án sì jókòó lé e lórí.

Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí odò, awakọ̀ tẹ ìjánu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé títí ó fi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ kò dúró. Awakọ̀ yà wọ inú oko àgbàdo. Orí yọ wá, ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣùgbọ́n apá ìyá kan ṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò lè gbé agbọ̀n ẹyìn mọ́ bí ó ti ń gbé e tẹ́lẹ̀.

A bi olówó ọkọ̀ léèrè. Ó ní nígbà tí òun kun ọ̀dà tán, owó ti tán. Ó ní oṣù tí ń bọ̀ ni òun fẹ́ tún ìjánu ṣe.

Ẹ gbọ́ ná. Àwọn baba wa ń gun ẹṣin. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ra gàárì aláràbarà fún ẹṣin, tí wọ́n sì gùn ún láìsí ìjánu? Ohun tí à ń fi ọkọ̀ ṣe nìyẹn.

Báwo ni ìjánu ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ìjánu ni Faransé ń pè ní frein. Nígbà tí awakọ̀ bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi kan ń sáré nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí ìdí àwọn táyà. Omi yìí ń ti irin tí ó ní awọ líle lára. Irin náà á fún ìdí táyà mọ́, táyà á sì dúró.

Omi ìjánu yìí kì í ṣe omi kànga. Ó máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ọkọ̀, ọ̀rinrin á pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjánu bá gbóná, ọ̀rinrin náà á hó, á sì di èéfín. Èéfín ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń wọlé lásán.

Ọkọ̀ tí ó ti dúró fún ọdún márùn-ún lábẹ́ igi, ẹ da omi ìjánu rẹ̀ nù, kí ẹ ra tuntun. Ẹ pààrọ̀ àwọn rọ́bà inú rẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ọṣẹ tàbí òróró ẹ̀rọ sí i. Òróró ẹ̀rọ ń ba rọ́bà ìjánu jẹ́.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́. Awọ líle inú ìjánu àtijọ́ sábà máa ń ní ohun kan nínú tí Faransé ń pè ní amiante. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku yìí. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Kí ọmọdé jìnnà síbẹ̀.

Kí ni a ó ṣe ṣáájú, kí ni yóò gbẹ̀yìn?

1. Irin gígùn tí ó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, èyí tí Faransé ń pè ní châssis. Bí ó bá ti jẹrà, ẹ má ṣe jí ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí ó sùn. Ẹ yọ ohun tí ó dára lára rẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn.

2. Ìjánu.

3. Àwọn irin tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀.

4. Táyà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí ní ẹ̀gbẹ́ táyà: D, O, T. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí ìlà náà. Bí ẹ bá rí 2314, 23 ni ọ̀sẹ̀, 14 ni ọdún. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ṣe táyà náà. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ó parí rẹ̀, wọ́n ti ṣe é kí ọdún 2000 tó dé. Ẹ má ṣe rà á, bí ó tilẹ̀ ń dán bí tuntun. Rọ́bà ń gbó bí ènìyàn ti ń gbó.

5. Iná iwájú àti iná ẹ̀yìn.

6. Ẹ̀rọ.

7. Ọ̀dà. Òun ni ó gbẹ̀yìn.

Ìwé ṣáájú owó

Ìjà pọ̀ láàárín olówó ọkọ̀ àti mẹkáníìkì. Olówó ọkọ̀ ń sọ pé: « Mo ti fún ọ lówó, ìwọ ti jẹ ẹ́. » Mẹkáníìkì ń sọ pé: « Owó yín kò tó, ẹ sì ti gbàgbé. » Nígbà mìíràn, olówó ọkọ̀ ni ó jẹ̀bi. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọdún méjì, kò wá, kò ránṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ó dé, ó ní wọ́n ti jí bátìrì òun. Ta ni yóò jẹ́rìí?

Ìwé ni yóò jẹ́rìí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wọ gáráàjì, ẹ kọ ohun gbogbo tí ó wà lára rẹ̀: táyà mélòó, iná mélòó, bátìrì wà tàbí kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ owó tí ẹ mú wá àti ohun tí a fi rà. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Iye owó inú rẹ̀ kì í ṣe iye ọjà. A kọ ọ́ kí ẹ lè rí bí a ti ń ṣe é.

Owó tí a mú wá: 300 000 fáráǹkì
Ọ̀pá, rọ́bà àti omi ìjánu: 45 000
Awọ ìjánu fún táyà mẹ́rin: 60 000
Táyà mẹ́rin: 120 000
Owó iṣẹ́: 50 000
Àpapọ̀ ohun tí a ná: 275 000
Ó kù: 25 000 fáráǹkì

Kí olówó ọkọ̀ fi ọwọ́ sí i. Kí mẹkáníìkì fi ọwọ́ sí i. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé: « Ọmọ ìyá ni wá. Bí mo bá mú ìwé jáde, yóò ní mi ò gbẹ́kẹ̀ lé òun. » Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ó dáadáa. Ìwé kì í ba ọmọ ìyá jẹ́. Owó tí a kò kọ sílẹ̀ ni ó ń bà á jẹ́. Ìwé ń gbèjà mẹkáníìkì bí ó ti ń gbèjà olówó ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti jáde ní gáráàjì, ìwé kò tíì tán. Ẹ mú carte grise. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ P.T.A.C. sí. Ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti ènìyàn ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ P.V. sí. Ìwọ̀n ọkọ̀ lásán ni. Ẹ yọ èyí kúrò nínú èyí. Bí a bá kọ 1 800 àti 1 100, ó kù 700 kílò fún ẹrù àti gbogbo ènìyàn, awakọ̀ pẹ̀lú. Ìjánu tuntun kò lè gba ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù là.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbé epo pupa àti gàrí lọ sí ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ẹ̀yin ni ẹ ń jókòó lórí ẹrù. Kí ẹ tó gun ọkọ̀ tí ó ń dán, ẹ bi awakọ̀ pé: « Nígbà wo ni ẹ tún ìjánu ṣe? Ìwé rẹ̀ dà? » Ẹ má ṣe tijú. Ẹni tí ó béèrè kò ṣẹ̀.

Ẹ bá ara yín sọ ọ́ ní kíláàsì:
Ọkọ̀ mélòó ni ó dúró lábẹ́ igi ní abúlé yín?
Èwo ni ó ṣeé jí nínú wọn? Èwo ni ó yẹ kí ó sùn?
Ta ni yóò kọ ojú ewé kìíní nínú ìwé rẹ̀?