Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ṣọ́ọ̀ṣì Tó Ti Wọlẹ̀

Ẹni tó bá dé Libreville, olú ìlú Gabon, tó ń bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ó yẹ kó dé Baraka ní àdúgbò Glass. Míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, John Leighton Wilson, ló tẹ ibẹ̀ dó lọ́dún 1842, lórí ilẹ̀ tí àwọn onísòwò ẹrú ti ń há ẹrú mọ́ tẹ́lẹ̀. Bessieux, àlùfáà Kátólíìkì láti ilẹ̀ Faransé, dé lọ́dún 1844. Ṣùgbọ́n tí ẹni náà bá ń wá ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà tí àwọn Potogí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tukọ̀ wá sí etíkun wa, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn. Cape Verde ni yóò kọrí sí.

Kò sẹ́ni tó ń gbé Santiago, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Cape Verde, nígbà tí àwọn Potogí débẹ̀. Wọ́n tẹ ìlú kan dó lọ́dún 1462, wọ́n pè é ní Ribeira Grande; Cidade Velha là ń pè é lónìí. Wọ́n ń kó ẹrú wá síbẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Nossa Senhora da Conceição. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́ṣà ojú omi kó ìlú náà, olú ìlú kó lọ sí Praia, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì wọlẹ̀. Lọ́dún 2007 ni àwọn awalẹ̀pìtàn láti Yunifásítì Cambridge bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ará Cape Verde. Awalẹ̀pìtàn ni ẹni tó ń fi ohun tó wà nínú ilẹ̀ ka ìtàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ilé wà nígbà tí ilé kò sí mọ́? Ẹni tó bá ti dé ahoro ìlú rí á ti mọ díẹ̀ nínú ìdáhùn: ògiri tó wó máa ń di ebè gẹ̀rẹ̀jẹ̀, àpáàdì á sì fọ́n káàkiri. Ilé olókùúta le díẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí àwọn aládùúgbò máa ń hú òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé tiwọn. Síbẹ̀, ihò ìpìlẹ̀ kì í ṣeé kó lọ. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ rí, tí a wá dí padà, àwọ̀ rẹ̀ kì í bá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mu, ó sì máa ń rọ̀ jù ú lọ. Awalẹ̀pìtàn á fi ọkọ́ ọwọ́ ha ojú ilẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ìlà ògiri á fi hàn, bí kò tilẹ̀ ku òkúta kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ló máa ń ṣáájú ti òkè. Bí wọ́n bá rí owó kan lábẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́, tí wọn kò sì gbẹ́ ibẹ̀ rí, ilẹ̀ títẹ́ náà kò lè dàgbà ju owó yẹn lọ. Ní Cidade Velha, ohun tó lọ́jọ́ orí jù nínú ìyókù ṣọ́ọ̀ṣì náà jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1470. Wọ́n kọ́ ilé tó tóbi sí i síbẹ̀ ní bí ọdún 1500. Wọ́n tún rí táìlì tí wọ́n kó wá láti Lisbon.

Ní tèmi, sàréè inú ṣọ́ọ̀ṣì náà níye lórí ju ògiri rẹ̀ lọ. Wọ́n fojú bù ú pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n sin síbẹ̀ kí ọdún 1525 tó dé. Òkúta sàréè Fernão Fiel de Lugo wà níbẹ̀, onísòwò ẹrú tó jẹ́ akápò ìlú náà láti 1542 sí 1557. Òun ní orúkọ lórí òkúta. Àwọn tí kò ní ńkọ́? Eyín lè sọ̀rọ̀ fún wọn. Láti kékeré ni eyín àgbàlagbà ti ń gbára jọ, omi àti oúnjẹ ìlú tí ọmọ náà ti dàgbà sì máa ń fi àmì sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí kì í parẹ́. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè fi ẹni tí wọ́n bí sí erékùṣù náà hàn yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kó wá. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lórí díẹ̀ nínú àwọn òkú náà fi hàn pé nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà, àwọn yòókù sì wá láti oríṣiríṣi ibi ní Yúróòpù.